Ẹ má fi bílíìṣì pa orúkọ àlùfáà rẹ́ nínú ìwé àtijọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá ìyàwó mi fi ìwé Látìn kan sílẹ̀ fún wa. Ti 1612 ni: ọdún náà wà lójú ewé àkọ́kọ́, níwájú orúkọ àlùfáà kan tí wọ́n fi ọwọ́ kọ. Ẹnìkan tó ń ra ìwé ní ìdọ̀tí ni orúkọ yẹn, àti pé àwọn èèyàn á rò pé ṣọ́ọ̀ṣì la ti jí i. Ó ní kí n fi bílíìṣì pa á rẹ́ kí n tó tà á. Kí ni mo lè lò tí kò ní ba ewé jẹ́?

ÌDÁHÙN: Mo bẹ̀ yín, ẹ gbé bílíìṣì yẹn kúrò nítòsí ìwé náà. Ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé lọ́dún yìí tí wọ́n ń bi mí ní irú ìbéèrè yìí, méjì nínú wọn sì ti fọ tiwọn kí wọ́n tó bi mí. Mo di ọ̀kan mú lọ́wọ́: ojú ibi tí orúkọ wà ti ṣá bí aṣọ tí oògùn dà sí, etí rẹ̀ ń rún mọ́ mi lọ́wọ́. Kò sí iṣẹ́ ọwọ́ tó lè dá ewé yẹn padà bọ̀ sípò.

1612 yẹn ńkọ́? Ọwọ́ ló kọ ọ́, nítorí náà ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọdún tí ìwé bọ́ sọ́wọ́ àlùfáà náà. Ìwé fúnra rẹ̀ lè dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ṣí i sí ẹ̀yìn pátápátá. Ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n tẹ̀ kí 1501 tó dé, àwọn tí à ń pè ní ìnkúnábúlà, kò ní ojú ewé àkọlé. Ìparí ni òǹtẹ̀wé máa ń kọ orúkọ rẹ̀, ìlú rẹ̀ àti ọdún sí.

Ẹni tó pe orúkọ àlùfáà ní ìdọ̀tí kò mọ ọwọ́ tí ìwé gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Láti ìgbà tí Gutenberg, òǹtẹ̀wé ará Jámánì, ti tẹ Bíbélì rẹ̀ ní Mainz, ní nǹkan bí 1455, àwọn àlùfáà wà lára àwọn oníbàárà ńlá fún ìwé títẹ̀. Wọ́n gbọ́ Látìn, wọ́n nílò ìwé ìwàásù àti òfin ìjọ, wọ́n sì ń sàmì sí ohun tí wọ́n rà. Ní nǹkan bí 1480, Hildebrand Brandenburg, àlùfáà ará Biberach ní Jámánì, ní àwòrán kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àwọn ìwé tó fún àwọn mọ́ńkì Buxheim: áńgẹ́lì gbá apata mú, akọ màlúù wà lára apata náà. Ó wà lára àmì oníwèé títẹ̀ tó pẹ́ jù lọ. Narcissus Marsh, bíṣọ́ọ̀bù àgbà tó dá ilé ìkàwé sílẹ̀ ní Dublin ní 1707, máa ń fi Gíríìkì kọ “òtítọ́ níbi gbogbo” sí ìwé rẹ̀. Irú àmì bẹ́ẹ̀ làwọn tó mọyì ìwé ń wá kiri, wọ́n sì ń fowó lé e.

Orúkọ àlùfáà kò sì sọ pé ìwé jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwé ara wọn ni wọ́n ń rà, tí wọ́n ń tà, tí wọ́n ń fi jogún. Nǹkan bí 30,000 ìwé ni John Moore, bíṣọ́ọ̀bù Ely ní England, ní. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, Ọba George Kìíní rà wọ́n, ó kó wọn fún Yunifásítì Cambridge ní 1715. Òǹtẹ̀ ilé ìkàwé ni kí ẹ wò dáadáa. Àwọn ilé ìkàwé pẹ̀lú máa ń ta ẹ̀dà tí wọ́n bá ní ní méjì, bíi ti Munich ní Jámánì, tó máa ń fi òǹtẹ̀ “Duplum” (Látìn fún ẹ̀dà kejì) sí i nígbà kan rí. Bí ẹ bá rí òǹtẹ̀ tí kò sí àmì títà lára rẹ̀, ẹ kọ̀wé sí wọn kí ẹ tó polówó ìwé. Lọ́yà ni ẹ ó bi ní ìyókù, mi ò kì í ṣe ọ̀kan.

Ohun tó ń jọ olè gan-an ni orúkọ tí wọ́n pa rẹ́. Tàdáwà ayé ọjọ́un ní irin nínú. Bí ẹ tilẹ̀ pa á rẹ́, òǹrajà tó mọṣẹ́ lè tan iná ultraviolet sí i kó tún rí i kà, á sì máa bi yín ìdí tí ẹ fi pa á rẹ́.

Mi ò lè dá iye lé ohun tí mi ò fojú rí. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ ya fọ́tò ojú ewé orúkọ náà àti ewé tó kẹ́yìn, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi.