Èsì: Ibi tí wọ́n fẹ́ bí i sí ni kó o kà

Àbúrò mi, o ní o fẹ́ ka iye ọmọ tó kú nílé agbẹ̀bí àti nílé ìwòsàn ní Ṣágámù, kó o fi wọ́n wéra. Jọ̀ọ́, má ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin rọbí fọ́jọ́ méjì nílé agbẹ̀bí kan ní Rẹ́mọ. Lóru la gbé e sórí ọ̀kadà, mo dì í mú látẹ̀yìn, ìró rẹ̀ ti rin gbingbin fún ẹ̀jẹ̀. Ilé ìwòsàn lọmọ náà kú sí, ọrùn ilé ìwòsàn náà ni wọ́n sì kọ ọ́ sí nínú ìwé, bẹ́ẹ̀ ilé agbẹ̀bí ni ìyá rẹ̀ fẹ́ bí i sí.

Ìwádìí Birthplace tó jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2011 tẹ̀lé obìnrin tó lé ní 64,000 tí oyún wọn ò léwu. Ibi tí kálukú pinnu láti bí sí ni wọ́n fi ṣírò. Fún alákọ̀ọ́bí, ewu ọmọ pọ̀ díẹ̀ fẹ́ni tó fẹ́ bí sínú ilé ara rẹ̀ ju ẹni tó fẹ́ bí sílé ìwòsàn lọ; fún ẹni tó ti bímọ rí, wọn ò rí ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tó kàwé ló ń gbẹ̀bí nílé lọ́hùn-ún, torí náà má gbé èsì wọn wá sí Ṣágámù.

Bi àwọn ìyá ní wákàtí tí wọ́n lò kí wọ́n tó gbéra, àti ẹni tó ní kí wọ́n máa lọ. Èyí tí ọmọ rẹ̀ kú, jókòó tì í ná, kó o tó mú bírò jáde.