Páálí ìwé bàbá yín: ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n kó o síta

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Ẹ̀yìn wọn á dára.

Ohun tí ẹ béèrè ò le tó bí ẹ ṣe rò, àmọ́ àkókò ni ò sí. Ẹ ní bàbá wọ Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn ní 1957, wọ́n padà wá fi ọgbọ̀n ọdún ó lé kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, páálí ìwé mẹ́tàdínlógójì ni wọ́n sì fi sílẹ̀ ní yàrá ẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n yín ọkùnrin ti rí ayálégbé, wọ́n fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ dà nù lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ̀yin wà ní London, ẹ ń béèrè pé ta ló ń gba irú ìwé bẹ́ẹ̀, àti pé ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń rà á ní Amẹ́ríkà.

Ẹ kọ́kọ́ pe ẹ̀gbọ́n yín lálẹ́ òní. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ti yàrá náà pa, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Bó bá gba pé kẹ́ ẹ san owó yàrá yẹn fún oṣù mẹ́ta, ẹ san án. Ẹ má bínú pé mò ń pàṣẹ, ojú mi ló ti rí i.

Àbúrò bàbá mi kan kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Kí n tó ráyè wálé lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ará ilé ti gbálẹ̀ yàrá wọn, wọ́n ní àwọn tún ilé ṣe. Mo ra ẹ̀pà lọ́wọ́ ìyá kan lẹ́nu géètì. Bí mo ṣe tú u, bírò pupa ni mo rí, ọwọ́ ìkọ̀wé wọn gan-an, pẹ̀lú g tí ìrù rẹ̀ máa ń gùn bí ìrù ọ̀bọ. Àròkọ akẹ́kọ̀ọ́ kan ni. Wọ́n fa igi sábẹ́ ìlà kan, wọ́n bi ọmọ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé ta ló sọ eléyìí fún un, àbí òun ló rò ó. Mo ra gbogbo pépà tó kù nínú igbá ìyá yẹn, tẹ̀pàtẹ̀pà. Ojú ewé mọ́kàndínlógún. Ohun tó ṣẹ́ kù nínú iṣẹ́ ayé wọn nìyẹn.

Ti Amẹ́ríkà: òótọ́ ni pé àwọn ìwé àfọwọ́kọ àti lẹ́tà Wọlé Ṣóyínká wà ní Houghton Library, ilé ìkàwé kan ní Yunifásítì Harvard. Ibẹ̀ náà ni ti Chinua Achebe wà, ẹni tó ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ní Nsukka. Ti Amos Tútùọlá wà ní Texas. Àmọ́ gbogbo ayé ló mọ àwọn mẹ́ta yìí, ẹ má tìtorí wọn ṣírò owó o. Ìwé olùkọ́, bó ti wù kó mọ̀wé tó, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sábà máa ń gbà á, ilé ìkàwé mìíràn tiẹ̀ lè béèrè pé ta ló máa san owó ẹni tó máa tò ó. Tí ẹ bá sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé owó ń bọ̀, ẹ ti dá ìjà sílẹ̀.

Ibi tí bàbá ti ṣiṣẹ́ ni kí ẹ ti kọ́kọ́ béèrè. N'Íbàdàn, Kenneth Dike Library ni. Ibẹ̀ ni ìwé Herbert Macaulay tó kú ní 1946 wà. N'Ífẹ̀, Hezekiah Oluwasanmi Library ni. National Archives náà wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ìwé ìjọba ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ má fi ìmeèlì nìkan ṣe é. Ẹ rán ẹni tó lè jókòó ti ọ̀gá ibẹ̀, tó máa fojú ara rẹ̀ wo yàrá tí wọ́n fẹ́ kó o sí: ṣé òrùlé ń jò, ṣé ikán wà, ṣé wọ́n ní àkọsílẹ̀ ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti fún wọn. Tí wọn ò bá rí àkọsílẹ̀ fi hàn án, ẹ rọra.

Ẹ ò sì lè fi ohun tí kò tíì di tiyín tọrẹ. Orúkọ next of kin tí bàbá kọ síbi iṣẹ́ ò sọ ẹni náà di arólé. Tí wíìlì bá wà, ọ́fíìsì probate, ibi tí wọ́n ti ń fìdí wíìlì múlẹ̀ ní kóòtù gíga ìpínlẹ̀, lẹ máa gbé e lọ. Tí kò bá sí, ibẹ̀ náà lẹ ti máa gba letter of administration, ìwé àṣẹ láti bójú tó ogún. Torí ilẹ̀ àti owó báńkì ni ọ̀pọ̀ ilé ṣe ń gbà á, wọn kì í rántí ka ìwé mọ́ ọn. Ẹ kà á mọ́ ọn. Ẹ̀yin lè ṣe power of attorney, ìwé àṣẹ láti ṣojú yín, fún ẹnì kan nílé; ẹ fọwọ́ sí i níwájú notary public, ẹni tí òfin gbà láyè láti jẹ́rìí sí ìwé, kí ẹ sì bi lọ́yà yín bóyá ó tún fẹ́ òǹtẹ̀ High Commission wa ní Northumberland Avenue.

Ẹni tó ni pépà yàtọ̀ sí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ẹ lè fún yunifásítì ní páálí, kí ẹ̀tọ́ àdàkọ (copyright) ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀yin ọmọ. Lábẹ́ òfin Nàìjíríà, ó di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́ kó tó parí. Lẹ́tà tí àwọn èèyàn kọ sí bàbá, pépà rẹ̀ jẹ́ tiyín, ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó kọ ọ́. Kí lọ́yà kọ gbogbo ìyẹn sínú ìwé ẹ̀bùn.

Ẹni tó bá máa wọ yàrá, kó ya fọ́tò kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kó kọ nọ́ńbà sára páálí. Kó má tò ó rárá! Bí bàbá ṣe fi lẹ́tà há àárín ìwé kíláàsì, ó nídìí. Àwọn ìwé títẹ̀ tó wà ní ṣẹ́ẹ̀fù, ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ fi wọ́n sí, torí wọ́n wà níbòmíràn. Kábọ́nù lẹ́tà, ẹ̀dà tí pépà kábọ́nù máa ń fi sílẹ̀ lábẹ́ lẹ́tà, ni kẹ́ ẹ ṣọ́: lẹ́tà tí bàbá fi ránṣẹ́ ti lọ, kábọ́nù ló kù tó gba ohùn tiwọn sílẹ̀. Ẹ má sì fojú di pépà játijàti. Látìmọ́lé láàárín 1967 sí 1969, àárín ìlà ìwé ẹlòmíràn àti tíṣù ìnùdí ni Ṣóyínká ń kọ̀wé sí. Ẹ rọra yọ rọ́bà tó so pépà pọ̀, ẹ má lẹ sẹ́lótéèpù, ẹ má lamineètì, ẹ má kó o sínú Ghana-must-go. Ẹ gbé páálí kúrò nílẹ̀, orí pákó ni kó wà.

Ọdún 1957 yẹn ni ò jẹ́ kí n sùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Molly Mahood ló ń darí ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì n'Íbàdàn nígbà náà, láti 1954 sí 1963, kó tó lọ sí Dar es Salaam, kó sì wá di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Kent. 2017 ló kú. J. P. Clark, akéwì nì, wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Clark ló kọ́kọ́ ṣe olóòtú The Horn, ìwé ewì pẹlẹbẹ táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé jáde, tí ẹ̀dà rẹ̀ ò sì pọ̀. Tí bàbá bá bá wọn jókòó ní kíláàsì, ó ṣeé ṣe kó wà nínú páálí kan níbẹ̀. Tí ẹ bá rí abala pépà tí wọ́n fi pín-ìnnì tó ti dógùn-ún há pọ̀, tí ewì kún inú rẹ̀, ẹ má yọ pín-ìnnì náà. Ẹ ya fọ́tò ojú ewé àkọ́kọ́, kí ẹ fi hàn wá níbí.