Oògùn bàbá mi kì í ṣiṣẹ́ tí wọ́n bá ti jẹ ìkọ́kọrẹ́

Ìbéèrè: Bàbá mi jẹ́ ẹni ọdún 68 ní Ìjẹ̀bú-Igbó, wọ́n ní àìsàn Parkinson. Levodopa tí dókítà kọ fún wọn ń ṣiṣẹ́ dáadáa láàárọ̀, wọ́n á rìn dé ìta fúnra wọn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá lo ti ọ̀sán lẹ́yìn ìkọ́kọrẹ́, ẹsẹ̀ wọn á lẹ̀ mọ́lẹ̀. Àbúrò wọn ní ká pa oògùn òyìnbó tì, ká lọ wá èso wèrèpè. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn apòògùn: Ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa oògùn náà tì. Ẹni tó bá dá levodopa dúró lójijì, ara rẹ̀ lè le gbagidi, kó sì gbóná, ẹ̀mí sì lè bá a lọ. Oògùn yín kò bàjẹ́. Ẹja inú ìkọ́kọrẹ́ ló ń bá a du ọ̀nà.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tó dúdú wà nísàlẹ̀ ọpọlọ, àwọn ló ń ṣe dopamine, èyí tí ọpọlọ fi ń darí bí a ṣe ń gbé ẹsẹ̀, tí a ń na ọwọ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí ló ń kú díẹ̀díẹ̀ lára bàbá. Ní 1957, Arvid Carlsson, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní Sweden, fún ehoro ní reserpine, èròjà kan tó ń gbẹ dopamine nínú ọpọlọ, tó sì wà nínú igi asofẹ́yẹjẹ wa náà, ehoro kò sì lè gbéra mọ́. Ó fún wọn ní levodopa, wọ́n dìde. Ní 1960, ní Vienna, ní Austria, àwọn onímọ̀ yẹ ọpọlọ àwọn tí Parkinson ṣe kí wọ́n tó kú wò: dopamine ti gbẹ níbi tó yẹ kó pọ̀ sí.

Kí ló dé tí a kò fún bàbá ní dopamine gan-an? Kò lè ti inú ẹ̀jẹ̀ wọ ọpọlọ. Levodopa lè wọlé, ọpọlọ á wá sọ ọ́ di dopamine. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà tó ń gbà ni amúaradàgbà inú ẹja, ẹran àti ẹ̀wà ń gbà tó bá ti dà tán. Ewùrà kò ṣẹ̀ wọ́n. Ẹja àti edé tí ẹ dà sí i ni.

Nítorí náà, ẹ fún wọn ní oògùn pẹ̀lú omi ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan kí oúnjẹ tó dé. Bí inú bá ń rú wọn, ẹ̀kọ gbígbóná díẹ̀ láìsí mílíìkì. Ẹ má gba ẹja lẹ́nu wọn o, àìsàn yìí a máa mú èèyàn rù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá kí èyí tó pọ̀ jù bọ́ sí alẹ́.

Ti wèrèpè, àbúrò wọn kò parọ́: levodopa wà nínú èso rẹ̀, àwọn onímọ̀ sì ti dán an wò lára aláìsàn. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n tó wà nínú èso kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Tí ẹ bá lé e lórí oògùn, ara wọn lè máa jù síhìn-ín sọ́hùn-ún fúnra rẹ̀, wọ́n sì lè máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni oògùn èébì. Ẹ má ra metoclopramide fún wọn ní ṣọ́ọ̀bù kankan; ńṣe ló ń dí dopamine lọ́nà nínú ọpọlọ.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan: aago tí wọ́n lo oògùn, aago tí wọ́n jẹun, aago tí ẹsẹ̀ lẹ̀. Ẹ mú ìwé náà dání tí ẹ bá ń lọ rí dókítà.