Ẹ Bi Àǹtí Léèrè: Káfíńtà àbí Ṣọ́ọ̀bù? Ọ̀rọ̀ Kọ́bọ́ọ̀dù Kíṣìn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Ilé la ń kọ́ lọ́wọ́ l'Ákòbọ̀ n'Ìbàdàn, a ti dé ibi tááìsì báyìí, kíṣìn ló kù tó ń dà mí lọ́kàn rú. Ọkọ mi ní ká lọ ra èyí tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, MDF tó ń dán, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n máa fi kàn án mọ́ ògiri. Èmi ní káfíńtà kan ní Bódìjà tí mo fẹ́ kó fi igi gidi ṣe é fún mi, àmọ́ owó tó pè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì, ó tún lóun máa lo oṣù méjì. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní yunifásítì wá ń sọ pé àwa tá a ń lo igi gidi la ń pa igbó run, pé n ò gbọ́dọ̀ dán ìrókò wò. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? — Onílé Tuntun, Ìbàdàn

ÈSÌ: Ẹ kú oríire o, ilé á tura. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tèmi kẹ́ ẹ má bàa rò pé inú ìwé ni mo ti kà á. MDF ni mo ṣe sí kíṣìn mi lọ́jọ́sí, funfun báláú, gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń yà á ní fótò. Kò pé ọdún méjì. Páìpù abẹ́ síńkì ló ń jò díẹ̀díẹ̀ tí n ò mọ̀, ìgbà tí mo máa fi ṣílẹ̀kùn ibẹ̀, ìdí kọ́bọ́ọ̀dù ti wú bíi búrẹ́dì tó jábọ́ sínú tíì, họ́ìnjì ti já, kò rí nǹkan dì mú mọ́. Ṣebí lẹ́búlẹ́bú igi ni wọ́n fi gúlúù pò pọ̀ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀, tómi bá ti wọ̀ ọ́ ó ti parí nìyẹn, kò ṣeé fá, kò ṣeé tún kàn, ààtàn ló ń lọ. Owó tí mo rò pé mo fi pamọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ná an.

Ọmọ yín náà ò parọ́ o, ẹ má pariwo mọ́ ọn. Igi ńlá ti ń tán lóòótọ́. Lọ́dún 2022 ni àwọn orílẹ̀-èdè tó jọ fọwọ́ sí àdéhùn CITES, ìyẹn àdéhùn lórí òwò igi àti ẹranko tó ń ṣọ̀wọ́n, fi apá àti ọ̀gànwó ilẹ̀ Áfíríkà kún àwọn igi tí wọn ò gbọ́dọ̀ kàn máa kó pákó ẹ̀ kọjá bodè láìsí ìwé àṣẹ. Apá àti ọ̀gànwó kẹ̀, tó jẹ́ òun ni wọ́n fi ń ṣe ilẹ̀kùn ilé bàbá wa! Ìrókò tó bá sì tóbi débi tí wọ́n á fi là á sí pákó fífẹ̀, ó ṣeé ṣe kó ti wà nínú igbó kí wọ́n tó bí bàbá ẹni. Mi ò ní kẹ́ ẹ máa bẹ̀rù Olúwéré, ohun tí mò ń sọ ni pé igi tó pẹ́ tó báyẹn, ẹ má lọ fi ṣe inú kọ́bọ́ọ̀dù tẹ́nì kan ò ní rí láéláé.

Ibi tí mo ti yàtọ̀ sí ọmọ yín ni pé igi gidi pọ̀ lóríṣiríṣi. Tíìkì àti mẹláínà, gbígbìn ni wọ́n ń gbìn ín, wọn ò hù fúnra wọn nínú igbó wa. Mẹláínà tó pọ̀ lọ súà ní igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, lápá J4 lọ́hùn-ún, torí ilé iṣẹ́ bébà tí wọ́n fẹ́ ṣe sí Ìwópin ni wọ́n ṣe gbìn ín, bébà ò jọ bébà, igi sì dàgbà. Ó ń yára dàgbà ju ìrókò lọ fíìfíì, àwọ̀ ẹ̀ mọ́, kì í sì í ká gbagidi bí ẹ bá jẹ́ kó gbẹ. Tíìkì wọ́n jù ú lọ, àmọ́ ó lépo lára, omi ò tètè ràn án, ikán náà ò fẹ́ràn ẹ̀. Tí káfíńtà bá wá ń fi arère tàbí àfàrà lọ̀ yín torí pé ó rọjú, ẹ sọ fún un pé kó lọ fi ṣe nǹkan míì, oúnjẹ ikán nìyẹn.

Ọ̀nà kan tún wà táwọn èèyàn ò kì í rántí, pákó àtijọ́. Ilé àtijọ́ tí wọ́n ń wó n'Ìbàdàn lọ́tùn-ún lósì yìí, ìrókò ló pọ̀ nínú igi òkè àjà wọn. Wọ́n á yọ ìṣó ara ẹ̀, wọ́n á fá a, inú ẹ̀ á tún yọ bíi tuntun, ó sì ti gbẹ tán láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Tẹ́ ẹ bá rí ìyẹn rà, ìrókò yín nìyẹn láìgé igi kankan, ọmọ yín ò ní rí nǹkan sọ. Kẹ́ ẹ kàn jẹ́ kí wọ́n wá ìṣó inú ẹ̀ dáadáa o, torí ìṣó kan ṣoṣo tó fara pamọ́ á ba ayùn ẹ̀rọ jẹ́, káfíńtà á sì kó owó ẹ̀ lé yín lórí.

Ó wá ku ohun tó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi, àwọn èèyàn ò sì kì í bèèrè ẹ̀, pọ́líìṣì ni wọ́n máa ń bèèrè. Ṣé pákó yẹn ti gbẹ? Gbogbo ẹjọ́ tí wọ́n ń bá káfíńtà rò, pé ilẹ̀kùn là, pé dúrọ́ọ̀ ò wọlé mọ́, pé ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀ ń yẹ̀ sílẹ̀, àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀ lójú tèmi, igi tútù ni. Wọ́n là á ní sọ́ọ̀mìlì lónìí, wọ́n kàn án lọ́la, ọyẹ́ wá dé ní Disẹ́ńbà, igi sún kì, ó ya. Òfin táwọn oníṣẹ́ igi máa ń tẹ̀lé ni pé pákó íǹṣì kan á lo bí ọdún kan lábẹ́ ibòji, kí wọ́n to igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín pákó kọ̀ọ̀kan kí afẹ́fẹ́ lè ráyè kọjá, oòrùn tiwa lè mú un yá díẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ igi sì ń dín in kù sí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Torí náà oṣù méjì tí káfíńtà yín dá, ẹ bi í léèrè bóyá pákó tó ti gbẹ ló ní nílẹ̀ àbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ lọ ra á. Tó bá ti ní in nílẹ̀, oṣù méjì dáa. Tí kò bá tíì rà á, oṣù méjì ò tó, irọ́ ló ń pa fún yín. Ẹ gba àjákù pákó kan lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ wé e sínú náílọ́ọ̀nù, ẹ dì í pa, ẹ gbé e sínú oòrùn láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́, tí omi bá ń sẹ̀ sínú náílọ́ọ̀nù yẹn, ẹ má sanwó.

Kẹ́ ẹ tún yẹ oríkèé ẹ̀ wò, kó jẹ́ pé ó gbẹ́ ihò sára ọ̀kan, ó gbẹ́ ẹnu sára èkejì, wọ́n wá wọnú ara wọn, kì í ṣe ìṣó méjì àti gúlúù. Ilẹ̀kùn tó ní férémù, pákó àárín ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ní gúlúù lára rárá, kó kàn jókòó sínú ojú ihò kó lè ráyè wú lásìkò òjò kó sì ráyè sún lásìkò ọyẹ́. Káfíńtà tó bá mọ ìyẹn láìjẹ́ pé ẹ sọ fún un, ẹ di aṣọ ẹ̀ mú.

Nípa owó, kò pọn dandan kí gbogbo ẹ̀ jẹ́ igi gidi. Ẹ jẹ́ kó fi plywood tí kò bẹ̀rù omi ṣe àpótí inú ẹ̀, kó fi mẹláínà tàbí tíìkì ṣe ilẹ̀kùn, ojú dúrọ́ọ̀ àti férémù. Owó á wálẹ̀ dáadáa, ọkọ yín náà á rẹ́rìn-ín.

Ẹ má sì fún un ní fótò Instagram kó lọ gbé e jáde bó ṣe rí. Kíṣìn òyìnbó nìyẹn, wọn ò ro àmàlà níbẹ̀. Íǹṣì 36 ni gíga tí wọ́n máa ń lò, ó lè dáa fún gígé ẹ̀fọ́, àmọ́ ẹ ronú ìkòkò àmàlà lórí gáàsì lórí tábìlì íǹṣì 36, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá dúró tẹ́ ẹ na apá sókè pẹ̀lú orógùn, èjìká á sọ̀rọ̀. Tèmi, íǹṣì 28 ni mo fi ti gáàsì sí, èyí tó kù ga jù ú lọ. Ẹ gbé ìkòkò tó tóbi jù nílé yín fún káfíńtà kó wọ̀n ọ́n kó tó ṣe dúrọ́ọ̀, ẹ fi odó hàn án, ẹ fi àpò ìrẹsì 50kg hàn án, kó mọ èyí tó máa jókòó sílẹ̀ àti èyí tí igi máa gbé. Kí ẹsẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù náà ga nílẹ̀ díẹ̀ kẹ́ ẹ lè gbálẹ̀ kẹ́ ẹ sì rí ipa ikán tó bá ń bọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé mo lè gbé sílíńdà gáàsì 12.5kg sínú kọ́bọ́ọ̀dù kó má bàa hàn sí àlejò? — Ìyàwó Olóògè, Abẹ́òkúta

ÈSÌ: Ìyàwó, ìta ni kó o gbé e sí, kí páìpù gba inú ògiri wọlé. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, tó bá jò, ìsàlẹ̀ ló máa ń lọ kóra jọ sí, inú kọ́bọ́ọ̀dù tí kò níhò á wá dà bí àpótí tí wọ́n ń rọ ọ́ sí títí iná máa fi kàn án. Tí ìta ò bá ṣeé ṣe rárá, kí káfíńtà dá ihò fẹ̀ẹ̀fẹ̀ẹ̀ sí ìsàlẹ̀ pátápátá lára ilẹ̀kùn àti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, òkè nìkan ò tó, kí fèrèsé kíṣìn sì máa ṣí. Àlejò tí sílíńdà ń bí nínú, kó jókòó sí pálọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, Sùúrùlérè ni mò ń gbé, ilé rẹ́ǹtì. Mo fẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù igi gidi àmọ́ n ò fẹ́ fi sílẹ̀ fún láńlọ́ọ̀dù. Ọgbọ́n wo ni kí n dá? — Ayálégbé

ÈSÌ: Àbúrò, má jẹ́ kí wọ́n kan ohunkóhun mọ́ ògiri. Tábìlì kan tó ga tó ní dúrọ́ọ̀ lábẹ́, sẹ́ẹ̀fù kan tó dá dúró, ìyẹn tó. Torí pé wọ́n máa gbé e gba ẹnu ọ̀nà, wọn ẹnu ọ̀nà ilé tó o wà, kó o rántí pé ti ilé tó ò ń lọ lè kéré jù ú. Sọ fún káfíńtà pé bóòtù ni kó fi so ẹsẹ̀ mọ́ orí, kì í ṣe ìṣó, kó lè tú palẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ibi tí wọ́n ti ń ra pákó l'Ékòó, Òkòbàbà ní Ẹ́bútè Mẹ́tà ni gbogbo wa mọ̀ tẹ́lẹ̀, ìjọba ti ní kí wọ́n kó lọ sí Àgbọ́wà tó jìnnà, torí náà jẹ́ kí káfíńtà fi owó mọ́tò kún ìṣirò ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kó má wá bá ẹ jà lójú ọ̀nà. Tó bá sì ṣe é tán, ní kó dá ihò kékeré kan sẹ́yìn dúrọ́ọ̀, kó o so sípánà tí wọ́n fi ń tú bóòtù náà mọ́ ibẹ̀.