Ẹ kọ́kọ́ kọ́ ìbéèrè tí wọn yóò bi yín

Ẹ̀gbọ́n tó béèrè gbólóhùn Swedish tí òun lè máa kọ́ sílẹ̀ kí òun tó dé Göteborg ní orílẹ̀-èdè Sweden, ẹ kú ìmúra o. Ìlú yẹn ni èmi náà ń gbé.

Ohun tí ẹ fẹ́ sọ kọ́ ni ìṣòro, ohun tí wọn yóò bi yín ni. Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó ń gbowó á ní "Hej", ẹ̀yin náà á ní "Hej". Bí ẹ bá sanwó tán, á yára da ọ̀rọ̀ kan jọ: "Vill du ha kvitto?" Ó ń béèrè bóyá ẹ fẹ́ rìsíìtì ni. Bí ẹ ò bá fẹ́, "Nej tack, det är bra" ti tó.

Iṣẹ́ hemtjänst, ìyẹn títọ́jú àwọn àgbàlagbà nílé wọn, ló jẹ́ kí èdè náà yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ tètè máa ń yà sí Gẹ̀ẹ́sì bí wọ́n bá ti rí i pé ọ̀rọ̀ ń há ẹ lẹ́nu. Àwọn màmá àgbà kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan wà tí mo máa ń bá wọ ìbọ̀sẹ̀ láàárọ̀. Mo bá bi í pé "Har du ont?", ṣé ibì kan ń dùn yín? Á fọwọ́ lé orúnkún, á ní "Här, i knät", á sì dúró kí n pè é tẹ̀ lé e. Wọ́n máa ń pe k iwájú yẹn o, ẹ má gbé e mì.

"Du", ìyẹn "ìwọ", ló nira fún mi jù, ẹni tó ju ìyá mi lọ! Ṣùgbọ́n láti ìparí àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti ń fi pe gbogbo èèyàn, àti dókítà àti ọ̀gá. Ẹ má fi "ni", ìyẹn "ẹ̀yin", rọ́pò rẹ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo. Etí àgbàlagbà mìíràn lè gbọ́ ọ bí ìfojúdi.

"Tack för senast" ò ní ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Bí ẹnìkan bá ṣe yín lálejò, òun lẹ ó kọ́kọ́ sọ nígbà tí ẹ bá tún pàdé, bí a ṣe ń sọ pé ẹ ṣé àná. Bí ẹ bá jẹun tán, "Tack för maten".

Bí personnummer yín, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ yín ní Sweden, bá ti jáde, ẹ forúkọ sílẹ̀ fún SFI, ìyẹn ẹ̀kọ́ èdè Swedish fún àwọn tó ṣí wá, ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró dè é. Bí wọ́n bá yà sí Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ní "Kan vi ta det på svenska?", ṣé a lè sọ ọ́ ní Swedish? Ọ̀pọ̀ wọn á gbà, wọ́n á sì rọra máa sọ̀rọ̀ fún yín.