Kí ló dé tí ìléròrò ètè fi ń padà wá lẹ́yìn tí ara ti mọ̀ ọ́n?

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti kékeré, bí ibà bá ti ṣe mí, ìléròrò wẹ́wẹ́ olómi máa ń so sí etí ètè mi lápá òsì, ojú kan náà ni kì í yẹ̀. Mo lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, èsì ní antíbọ́dì herpes, ohun tí ara ń ṣe láti fi bá àrùn náà jà, wà lára mi. Ọkọ mi wá ń bi mí pé níbo ni mo ti kó o. Ẹnìkan fẹ́ ta àgbo tó ń fọ herpes kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ fún mi. Ohun tí kò yé mi ni pé bí ara mi bá ti mọ àrùn yìí, kí ló dé tí kò fi pa á? Àbúrò mi tún ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, mo sì fẹ́ lọ bá a tọ́jú ọmọ. Ṣé kò séwu?

ÌDÁHÙN: Ẹ má ra àgbo yẹn. Inú ẹ̀jẹ̀ kọ́ ni fáírọ́ọ̀sì herpes yìí fi ṣe ilé. Inú iṣan ìmọ̀lára, okùn tó ń gbé ìmọ̀lára ara lọ sí ọpọlọ, ló wà, kò sì sí ohun tí a lè fi fọ ẹ̀jẹ̀ tó máa lé e kúrò níbẹ̀.

Kí n kọ́kọ́ dá ọkọ yín lóhùn. Bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀ yìí, herpes simplex oríṣi kìíní, HSV-1, ló jọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé nǹkan bíi bílíọ̀nù 3.8 ènìyàn tí ọjọ́ orí wọn kò tíì pé 50 ló ní i, ìyẹn ìdá 64 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀pọ̀ wọn kó o ní kékeré, láti ara itọ́ àwọn àgbà tó ń fẹnu kò wọ́n lẹ́nu. Ẹ̀yin fúnra yín sọ pé láti kékeré ló ti ń yọ yín lẹ́nu. Ẹ kò tíì mọ ọkọ yín nígbà náà. Ó ṣeé ṣe dáadáa kí òun náà ní i láìmọ̀, torí ọ̀pọ̀ ẹni tó ní i ni kì í rí ìléròrò kankan.

Ó wá ku ìbéèrè yín gan-an. Lọ́jọ́ tí fáírọ́ọ̀sì náà kọ́kọ́ wọ ètè yín, ó bí sí i níbẹ̀, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì gba ẹnu iṣan ìmọ̀lára wọlé. Ó gba inú iṣan náà gòkè dé kókó iṣan kan tó wà nínú agbárí, lábẹ́ ọpọlọ, lọ́gangan iwájú etí. Ibẹ̀ ló jókòó sí. DNA rẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ ìran rẹ̀, ká bí òrùka sí àárín sẹ́ẹ̀lì iṣan, ó pa ẹnu mọ́, kò ṣe purotéènì (èròjà tó fi ń kọ́ ara rẹ̀ tó sì fi ń ṣiṣẹ́) kankan tó ṣeé dá mọ̀.

Purotéènì yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ dúró lé. Bí oníṣòwò ṣe ń pàtẹ ọjà síwájú ìsọ̀, bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ṣe máa ń kó ègé ohun tó ń ṣe nínú síta, kí àwọn ọmọ ogun ara lè yẹ̀ ẹ́ wò. Bí wọ́n bá rí ègé fáírọ́ọ̀sì níbẹ̀, wọ́n á pa sẹ́ẹ̀lì náà. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì iṣan kì í pàtẹ tó bẹ́ẹ̀, fáírọ́ọ̀sì tó sì ń sùn kò ní ohun tí wọn yóò kó síta. Síbẹ̀ ara yín kò sùn o. Àwọn ọmọ ogun kan máa ń dúró yí kókó iṣan náà ká, wọ́n ń tẹ fáírọ́ọ̀sì náà lórí mọ́lẹ̀ láìpa sẹ́ẹ̀lì iṣan, nítorí èyí tó bá kú nínú sẹ́ẹ̀lì iṣan kì í ní àrọ́pò. Èmi ka ìṣọ́ra yìí sí ọgbọ́n ńlá, mi ò pè é ní àìlera.

Bí ibà bá dé, tàbí oòrùn gbígbóná, àìsùn tó, ìdààmú ọkàn tàbí nǹkan oṣù, fáírọ́ọ̀sì náà lè jí. Iṣan tó gbà gòkè ló ń gbà sọ̀ kalẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ojú kan náà fi ń so. Ní awọ ètè, kò lè sá pamọ́ mọ́, ó di dandan kó ṣe purotéènì, ló bá tún gbé ọgbọ́n mìíràn dìde. Ọ̀kan nínú purotéènì rẹ̀, ICP47, tí àwọn onímọ̀ tú àṣírí iṣẹ́ rẹ̀ ní 1995, máa ń dí ihò tí àwọn ègé ń gbà kọjá dé ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń kó wọn jáde. Àtẹ á ṣófo. Méjì mìíràn, gE àti gI, ń di ìrù antíbọ́dì mú, kó má lè ké sí àwọn ọmọ ogun yòókù. Ìdádúró ọjọ́ díẹ̀ péré ni gbogbo èyí, torí ara ní ẹ̀ṣọ́ kan tó jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì tí àtẹ rẹ̀ bá ṣófo gan-an ló ń pa. Ara ló máa ń borí níkẹyìn, ìléròrò á gbẹ, ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú iṣan kò kúrò.

Nítorí náà, antíbọ́dì tí wọ́n rí kàn ń sọ pé ara yín ti pàdé àrùn yìí rí ni. Kò lè sọ ìgbà tí ẹ kó o tàbí ẹni tí ẹ ti kó o. Kò sì ní lọ, ẹ má náwó sí àyẹ̀wò náà mọ́.

Oògùn tó ń ṣiṣẹ́ ni aciclovir. Gertrude Elion, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe é, gba ẹ̀bùn Nobel ní 1988. Ènsáìmù, ìyẹn purotéènì aṣiṣẹ́, tí fáírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ń ṣe ló ń sọ oògùn yìí di olóró, nítorí náà kì í bá èyí tó ń sùn jà. Ìgbà tí ètè bá bẹ̀rẹ̀ sí í yún yín tàbí ta yín ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, kí ìléròrò tó yọ. Ẹ jẹ́ kí dókítà tàbí apòògùn sọ ìwọ̀n tó yẹ yín. Ampiclox tí àwọn kan ń tú ìyẹ̀fun rẹ̀ sórí egbò kò lè pa fáírọ́ọ̀sì. Ẹ sì ṣe àyẹ̀wò ibà náà, kí ẹ mọ̀ bóyá ibà ẹ̀fọn ni. Bí ojú bá pọ́n, tó ń dùn yín, ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ, ẹ má ra oògùn ojú fúnra yín.

Ní ti ọmọ àbúrò yín, ẹ lè lọ bí ètè yín bá mọ́, ẹ kàn fọwọ́ dáadáa, kí ẹ má sì fẹnu kò ó lẹ́nu rárá, nítorí fáírọ́ọ̀sì yìí lè wà nínú itọ́ nígbà tí egbò kò sí. Bí ìléròrò bá ti yọ, ẹ dúró sílé títí èépá rẹ̀ yóò fi bọ́. Ọmọ ogun ara ọmọ tuntun kò tíì gbó, HSV lè dé ọpọlọ àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì lè pa á. Bí ara ọmọ bá gbóná, tí kò mu ọmú mọ́ tàbí tí roro olómi yọ sí i, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì sọ fún dókítà bí ẹnìkan tó ní ìléròrò lẹ́nu bá ti gbé e.