Mílíìkì Ti Ń Da Inú Mi Rú: Àwọn Ìbéèrè Yín Lórí Ìlera

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ẹni ọdún 43 ni mí, mílíìkì ò sì ṣe mí ní nǹkan kan rí. Ṣùgbọ́n láti bí oṣù mélòó kan, bí mo bá ti mu ife mílíìkì kan láàárọ̀, kò ní í pé wákàtí kan tí inú mi á fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Á wú, afẹ́fẹ́ á máa jáde ṣáá, nígbà mìíràn á sì di ìgbẹ́ gbuuru. Ṣé mo lè ṣàdédé dẹni tí mílíìkì ń bá jà báyìí? Ṣé kí n kúkú pa á tì pátápátá ni? Obìnrin òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí.

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì pa á tì, mà. Ohun tí ẹ ṣàpèjúwe yìí jọ pé ṣúgà inú mílíìkì ni kò dà nínú yín mọ́. Ó máa ń nini lára gan-an, àmọ́ fúnra rẹ̀ kì í ba ìfun jẹ́, ọ̀pọ̀ èèyàn tó ní in ló sì ṣì ń mu mílíìkì ní ìwọ̀nba.

Lactose ni wọ́n ń pe ṣúgà yẹn. Ìfun kò lè fà á sínú ẹ̀jẹ̀ bó ṣe wà, àfi tí èròjà kan tó ń jẹ́ lactase bá kọ́kọ́ gé e sí méjì. Ara ògiri ìfun kékeré ni lactase ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí àwọn ẹran tín-ín-tín tò sí bí irun aṣọ ìnura. Ìkókó ní èròjà yìí dáadáa torí pé ọmú ni oúnjẹ rẹ̀. Tí wọ́n bá ti já ọmọ lẹ́nu ọmú, ó máa ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Nínú àgbàlagbà mẹ́ta káàkiri ayé, tiwọn ti dín kù lára nǹkan bí méjì. Ó lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó lọ sílẹ̀ débi tí ife kan á fi ju agbára rẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tó fi máa ń dà bíi pé ọ̀sán kan òru kan ló bẹ̀rẹ̀.

Lactose tí kò bá gé kò ní ibòmíì tó máa lọ ju ìfun ńlá lọ. Ó máa fa omi wọ inú ìfun, ìgbẹ́ gbuuru dé nìyẹn. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé níbẹ̀ á sì jẹ ẹ́, wọ́n á sọ ọ́ di afẹ́fẹ́, inú á wú, á sì máa kùn. Àárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí 2 lẹ́yìn tí èèyàn mu mílíìkì ló sábà máa ń hàn. Tó bá jẹ́ ọjọ́ kejì ni inú yín ń rú, ẹ wá nǹkan mìíràn tí ẹ jẹ.

Ìbéèrè tí ẹ̀yin náà gbọ́dọ̀ bi ara yín nìyí: kí ló ṣẹlẹ̀ kí èyí tó bẹ̀rẹ̀? Bí ẹ bá yàgbẹ́ gbuuru kíkankíkan, tàbí tí ẹ ní kòkòrò giardia nínú, ó lè ha orí àwọn ẹran tín-ín-tín yẹn dànù, ibẹ̀ gan-an sì ni lactase wà. Irú èyí máa ń lọ fúnra rẹ̀ bí ìfun ṣe ń jinná, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí oṣù mélòó kan. Àìsàn celiac, níbi tí ara ti ń bá èròjà inú àlìkámà jà, àti àìsàn Crohn, níbi tí ògiri ìfun ti máa ń wú tí ó sì ń dégbò, náà lè fà á. Ìdí tí a fi ń tẹnu mọ́ èyí ni pé ẹni tó bá kàn sá fún mílíìkì lè fi àìsàn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ pa mọ́ fún ọdún púpọ̀. Ẹ lọ rí dókítà láìjáfara tí ẹ bá ń rù láìgbààwẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tí ibà bá ń ṣe yín, tí wọ́n bá ní ẹ̀jẹ̀ ara yín kò tó, tàbí tí ìgbẹ́ bá ń jí yín lóru. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì, torí lactose kì í sábà jí ẹni tí kò mu mílíìkì lálẹ́.

Tí kò bá sí ìkankan nínú ìwọ̀nyí, ẹ dán an wò báyìí. Ẹ yọ mílíìkì kúrò fún ọ̀sẹ̀ 2, pẹ̀lú èyí tó fara pa mọ́ sínú bisikíìtì, búrẹ́dì kan, ṣokoléètì àti ọbẹ̀ inú páálí. Tí ẹ bá rí milk solids, whey tàbí skimmed milk powder lára páálí, ẹ gbé e sílẹ̀. Lactic acid kì í ṣe lactose, kò léwu fún ìdánwò yìí. Ẹ má yí ohunkóhun mìíràn padà lásìkò yẹn. Ọ̀pọ̀ ìdánwò ló ń bàjẹ́ níbí yìí: èèyàn á yọ mílíìkì, á yọ ẹ̀wà, á tún fi ṣingọ́ọ̀mù aláìní-ṣúgà sílẹ̀, tó ní sorbitol tí òun náà ń da inú rú. Inú á rọlẹ̀, kò sì ní mọ èwo ló fà á.

Bí ọ̀sẹ̀ 2 bá pé tí kò sí ìyàtọ̀, mílíìkì kọ́ ni, ẹ padà sídìí rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún dókítà. Bí inú bá ti rọlẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mìlílítà 60, ìyẹn ìdá mẹ́rin ife kan, lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ fún ọjọ́ 3, pẹ̀lú oúnjẹ. Lẹ́yìn náà ẹ gbé e lọ sí 120, kí ó di 180, kí ó di 240, ọjọ́ 3 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa kọ wákàtí tí ẹ mu ún àti ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ sílẹ̀. Ibi tí inú bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rú, ẹ padà sẹ́yìn ní ìpele kan. Ìwọ̀n yín nìyẹn. Ife mìlílítà 240 ní nǹkan bí gíráàmù 12 lactose, ọ̀pọ̀ ẹni tí lactase rẹ̀ ti dín kù ló sì lè gba ìyẹn lẹ́ẹ̀kan náà láìní wàhálà tó pọ̀. Mílíìkì tí ẹ ń mu sínú òfìfo láàárọ̀ ló burú jù, torí ó ń sáré kọjá nínú ikùn. Oúnjẹ máa ń dá a dúró, lactase tó ṣẹ́ kù á sì ráyè ṣiṣẹ́.

Ẹ ṣọ́ mílíìkì lẹ́búlẹ́bú. Nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n èyí tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀ ni lactose, tó fi jẹ́ pé gíráàmù 25 tó ife odindi kan. Mílíìkì inú agolo tí wọ́n ti gbẹ omi rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìlọ́po méjì ti mílíìkì lásán. Ní ti ṣíìsì líle tó ti pẹ́ nílẹ̀, bíi Cheddar àti Parmesan, lactose inú rẹ̀ kò tó nǹkan, bọ́tà náà bẹ́ẹ̀. Yógọ́ọ̀tì sàn ju mílíìkì lọ, torí àwọn kòkòrò tó wà láàyè nínú rẹ̀ ní èròjà tiwọn tó ń gé lactose nínú ìfun yín. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti fi iná pa wọ́n lẹ́yìn tí wọ́n ṣe é tán, àǹfààní yẹn ti lọ, nítorí náà ẹ wo ara ike rẹ̀ bóyá wọ́n kọ ọ́ pé kòkòrò rẹ̀ wà láàyè. Mílíìkì ewúrẹ́ kò mú yín yè, lactose inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti màlúù. Sísè kò sì mú un kúrò.

ÌBÉÈRÈ: Mo ra oògùn lactase oníhóró. Mo máa ń lò ó lẹ́yìn oúnjẹ, kò ràn mí lọ́wọ́ rárá. Ṣé ayédèrú ni?

ÌDÁHÙN: Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àkókò tí ẹ ń lò ó ni. Oògùn yẹn gbọ́dọ̀ bá mílíìkì pàdé nínú ikùn, nítorí náà ìgbà tí ẹ bá gbé òkèlè tàbí ẹnu mílíìkì àkọ́kọ́ sẹ́nu ni kí ẹ lò ó. Tí ẹ bá ṣì ń jẹun lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n sí ogójì ìṣẹ́jú, ẹ tún un lò. Ìwọ̀n tí wọ́n sábà ń lò wà láàárín 3,000 sí 9,000 FCC (ìyẹn òṣùwọ̀n agbára lactase) lẹ́ẹ̀kan, ẹ wo ara páálí. Áísìkirimù ńlá kan lè ju agbára 3,000 lọ. Oníkíkán kan tún wà tí wọ́n ń kán sínú mílíìkì, tí wọ́n á gbé e sínú fíríìjì fún wákàtí 24 kí wọ́n tó mu ún. Ẹ má kán an sínú mílíìkì gbígbóná, iná á pa á, ẹ ó kàn fi owó ṣòfò ni.

ÌBÉÈRÈ: Mílíìkì tí wọ́n kọ “lactose-free” sí lára dùn ju èyí tí mo mọ̀ lọ. Mo ní àtọ̀gbẹ. Ṣé wọ́n ti fi ṣúgà sí i ni?

ÌDÁHÙN: Wọn ò fi kún un, sà. Wọ́n ti gé lactose sí méjì kí ó tó dé ọwọ́ yín ni, ìdajì méjèèjì, glucose àti galactose, sì dùn lẹ́nu ju odindi lọ. Àpapọ̀ ṣúgà inú rẹ̀ kò pọ̀ ju ti mílíìkì lásán. Ẹ kà á mọ́ ìwọ̀n oúnjẹ yín bí ẹ ṣe ń ka mílíìkì tẹ́lẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi jẹ́ oṣù mẹ́jọ, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yàgbẹ́ gbuuru fún ọjọ́ márùn-ún. Wọ́n ní kí n já a lẹ́nu ọmú torí pé mílíìkì ò lè dà nínú rẹ̀ mọ́.

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má já a o. Lóòótọ́ ni ìgbẹ́ gbuuru lè dín lactase ọmọ kù fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ ọmú ṣì ni oúnjẹ tó dára jù fún un, ó sì ń ran ìfun rẹ̀ lọ́wọ́ láti bọ̀ sípò. Ẹ máa fún un lọ́mú lemọ́lemọ́, kí ẹ fi omi ORS, ìyẹn omi oníyọ̀ àti ṣúgà tó ń dá omi ara padà, kún un bí wọ́n ṣe júwe rẹ̀ fún yín. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ tí ojú rẹ̀ bá jìn wọnú, tí kò tọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, tí ó rẹ̀ ẹ́ débi tí kò lè mu ọmú, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́.

Nǹkan mìíràn wà tí àwọn òbí máa ń dà pọ̀ mọ́ èyí: kí ara ọmọ má gba pùròtéènì inú mílíìkì. Ìyẹn máa ń mú kí ara wú tàbí kí ó yọ kókó, kí ètè wú, kí èébì wá, kódà kí mímí nira. Ìwọ̀nba díẹ̀ pàápàá léwu níbẹ̀, mílíìkì “lactose-free” kò sì ràn án lọ́wọ́ torí pùròtéènì yẹn ṣì wà nínú rẹ̀. Tí mímí bá ń nira, ilé ìwòsàn ni, ẹ má dúró wò ó.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá wa ti lé ní ọgọ́ta ọdún, wọ́n sì ti fi mílíìkì sílẹ̀ pátápátá. Ẹ̀rù eegun wọn ń bà wá.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú wọn. Obìnrin tó ti lé ní 50 nílò nǹkan bí míligíráàmù 1,200 kálísíọ́ọ̀mù lóòjọ́, ife mílíìkì kan sì máa ń mú nǹkan bí 300 wá. Ẹ lè rí iye yẹn padà nínú agolo sadíìnì kékeré tí wọ́n bá jẹ ẹ́ pẹ̀lú eegun rẹ̀, tàbí nínú ife mílíìkì sóyà tí wọ́n fi kálísíọ́ọ̀mù kún. Ẹ mì í dáadáa kí ẹ tó dà á, torí kálísíọ́ọ̀mù máa ń sùn sísàlẹ̀ páálí. Ẹ̀fọ́ dára, ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé spinach nìkan, èròjà kan wà nínú rẹ̀ tó ń di kálísíọ́ọ̀mù mú kí ara má rí i lò. Ẹ bi dókítà nípa fítámìnì D pẹ̀lú, torí láìsí i, kálísíọ́ọ̀mù kì í wọlé dáadáa.

Tó bá máa jẹ́ oògùn oníhóró, kí ó má ju míligíráàmù 500 lọ lẹ́ẹ̀kan, torí ara kì í lè gba jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Èyí tí wọ́n kọ calcium carbonate sí lára, kí wọ́n lò ó pẹ̀lú oúnjẹ. Tí ìyá bá ń lo levothyroxine, oògùn ẹ̀yà ara thyroid tó wà ní ọrùn, kí àyè wákàtí 4 wà láàárín oògùn yẹn àti kálísíọ́ọ̀mù, torí kálísíọ́ọ̀mù kì í jẹ́ kó wọ ara. Ẹ kọ gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò sínú ìwé kan, kí ẹ gbé e fún apoògùn kí ẹ tó ra èyíkéyìí.